Sinimá Alẹ́ Kan ní Windybrow

Olóòtú ìwé wa ní kí n kọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí ní Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, nígbà ìsinmi Àjíǹde. Èrò mi ni pé n ó kọ nípa ilé gogoro àti títì ọlọ́dà, bí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú kálàmù, mo rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó dúró lọ́kàn mi. Ohun náà ni sinimá kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní ìta gbangba, nínú àgbàlá ilé àtijọ́ kan tí à ń pè ní Windybrow, ní àdúgbò Hillbrow.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, èmi sì ni àbíkẹ́yìn ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí í ṣe àkọ́bí ti lọ sí Johannesburg láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, owó rẹ̀ ń wá sílé, ohùn rẹ̀ ń wá lórí fóònù, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò wá. Ó sọ fún wa pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni òun ń bá ṣiṣẹ́, bàbá wa a sì máa fi èyí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá wa kú. A gbé òkú rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, à ń retí àkọ́bí. Ó kọ́kọ́ ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè. Lẹ́yìn èyí, kò gbé fóònù mọ́. Owó ìsìnkú ni ó fi ránṣẹ́. Èmi ọmọ ìkẹyìn ni mo kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí bàbá mi. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn àgbà wa wí pé kò sí ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ọmọ sin ni ó bímọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí sọ ní ọjọ́ náà kò ṣe é kọ sínú ìwé. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fi oríkì pe ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Àlàó ni ó máa ń pè é tẹ́lẹ̀, kódà nígbà tí ó bá ń bá a wí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di "ẹni tí ó wà ní Johannesburg."

Èmi náà di ọ̀rọ̀ náà sínú. Nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin, tí ó ń ṣòwò aṣọ, ní òun ń lọ ra ọjà ní Johannesburg, tí òun sì ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù, mo sáré dáhùn pé èmi yóò lọ. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò wa, ìyá mi pè mí sí yàrá. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ kan jáde, bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá aláwọ̀ aró tí gbogbo àwa ọmọ fi sin bàbá. Wọ́n ti rán ti ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ mọ́ tiwa ní ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rí. Ìyá mi ní, "Bi í lójúkojú ohun tí kò jẹ́ kí ó wá. Bí ó bá ní ìdí, fún un ní aṣọ rẹ̀. Bí kò bá ní, gbé e padà wá fún mi."

Báyìí ni a ṣe sọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún di adájọ́ lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ipò náà dùn mọ́ mi. Mo ti dá ẹjọ́ náà tán kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Orí òkè ni Hillbrow wà, ní ìtòsí àárín gbùngbùn Johannesburg. Wúrà tí wọ́n rí ní 1886 ni ó bí ìlú náà. Ilé gogoro kan tí wọ́n kọ́ fún ọ̀rọ̀ fóònù wà ní Hillbrow, wọ́n parí rẹ̀ ní 1971, gíga rẹ̀ sì tó mítà 269. Ọ̀nà jíjìn ni ènìyàn ti ń rí i. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1950 pín àdúgbò fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, Hillbrow sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òyìnbó nìkan. Kí òfin náà tó kú ní 1991, àwọn ènìyàn dúdú ti ń yọ́ wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí àìsí ilé. Lónìí, ọmọ Zimbabwe, ọmọ Kóńgò, ọmọ Malawi, ọmọ Mozambique àti ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kún ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń fi èdè Yorùbá ná tòmátì, mo sì rò pé Ọjà Ṣábó ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pàdé wa. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé àbúrò bàbá mi lọ sí ilé tí àwọn oníṣòwò máa ń wọ̀ sí, ó sì mú èmi lọ sí yàrá rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ọkùnrin méjì jọ ń gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí ibi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò ju àga kan, dígí kan, ẹ̀rọ ìgẹrun méjì àti tapólì kan tí wọ́n fi igi mẹ́rin gbé dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì. Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo wò ó, kò wò mí. Ó nu dígí, ó sì pe oníbàárà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó lábẹ́ tapólì náà. A sọ̀rọ̀ nípa ojò, nípa bọ́ọ̀lù, nípa iye owó ẹran. A kò dárúkọ bàbá. Aṣọ náà wà nínú àpò mi, ó sì ń wúwo sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni oníbàárà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, sọ pé wọn yóò fi sinimá hàn ní ìrọ̀lẹ́ ní àgbàlá Windybrow, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé mò ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó ní, "Ìwọ ni ó yẹ kí o wá jùlọ." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ náà lọ tán, ó ní, "Àkànní, èmi kì í jáde lálẹ́."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, kí ló dé? Kò jìnnà."

Ó ní kì í ṣe ọ̀nà ni ó jìn. Ó rán mi létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2008, kí òun tó débẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn kan dìde sí àwọn àlejò ní Johannesburg àti ní àwọn ìlú mìíràn, tí ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́ta sì kú. Ó ní irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2015 àti ní 2019, ojú òun sì ni méjèèjì ṣe. Ní 2019 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, wọn kò tan iná, wọn kò sì dáná. Ó ní, "Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, èmi náà wọlé."

N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yẹn padà wá ní aago márùn-ún, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní ká jọ rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ká dígí rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wa.

Òpópónà Nugget ni ilé náà wà. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn ilé alájà púpọ̀ tí aṣọ sísá kún fèrèsé wọn, ó yọ sí wa lójijì, bí arúgbó tí ó jókòó láàárín àwọn géńdé. Òkè ilé náà ṣe ṣóńṣó níbi púpọ̀, wọ́n sì to igi dúdú mọ́ ara ògiri rẹ̀ funfun, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń kọ́lé ní ayé àtijọ́. Ní 1896 ni wọ́n kọ́ ọ fún Theodore Reunert, ẹnjiníà tí ó rí ṣe nínú ọ̀ràn ìwakùsà. Ní àkókò náà, àwọn tí wúrà sọ di olówó ń kọ́lé sórí òkè yìí kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa fẹ́ sí wọn, kí eruku ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà má sì bà wọ́n. Ìtumọ̀ Windybrow kò ju góńgó orí òkè tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn olówó kó lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì wó àwọn ilé ńláńlá yòókù kan. Èyí ṣẹ́kù. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé inú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ó di ilé eré orí ìtàgé. Láti 2016 ni ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú Market Theatre, ilé eré olókìkí tí wọ́n ṣí ní Johannesburg ní 1976. Yàrá ìwé kíkà kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé àdúgbò, mo sì yọjú wo inú rẹ̀. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ni mo rí lórí pẹpẹ, àwọn ọmọ sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń kà á.

Wọ́n ti ta aṣọ funfun ńlá kan mọ́ ara ògiri. Àga onírọ́bà wà ní iwájú, àwọn ọmọdé sì jókòó lórí ẹní. Obìnrin kan ń ta gúgúrú, òmíràn ń ta àkàrà ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní magwinya, èyí tí kò yàtọ̀ sí pọ́fúpọ́fù tiwa. Ní Johannesburg, oṣù kẹrin ọdún ni òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú, nítorí náà àwọn ènìyàn ti mú kúbùsù wá láti ilé. Mo rántí bàbá mi. Ó máa ń sọ fún wa pé ní ìgbà èwe òun, ọkọ̀ sinimá ìjọba máa ń wá sí ìlú, wọn a ta aṣọ funfun mọ́ igi, àwọn tí kò ráyè jókòó ní iwájú a sì lọ wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ènìyàn ti di ọwọ́ òsì. Mo fẹ́ sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mo ronú pé bí mo bá dárúkọ bàbá, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo pa ẹnu mọ́.

Obìnrin kan dìde, ó sọ ìtàn sinimá náà fún wa. Orúkọ rẹ̀ ni Come Back, Africa, Lionel Rogosin tí í ṣe ará Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ó sì jáde ní 1959. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì bá tí jẹ́ kí ó ṣe é bí wọ́n bá mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí náà ó tàn wọ́n pé sinimá nípa orin àti ijó ni. Àwọn akọ̀wé dúdú méjì, Lewis Nkosi àti Bloke Modisane, ni wọ́n bá a ṣètò ìtàn inú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe eléré. Àwọn ará ìlú gan-an ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n fi hàn ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni a wá jókòó nísinsìnyí ní àgbàlá tí irú wa kò lè gbà wọlé ní ìgbà náà àyàfi bí a bá wá gbálẹ̀ rẹ̀, tí a sì fẹ́ wo ohun tí irú wa kò gbọdọ̀ wò.

Sinimá náà kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zachariah ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyàn mú ní abúlé rẹ̀ ní ilẹ̀ Zulu, ó sì wá iṣẹ́ wá sí Johannesburg. Ó kọ́kọ́ wọ ibi ìwakùsà wúrà. Lẹ́yìn náà ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé òyìnbó, obìnrin ilé náà sì ń pariwo lé e lórí títí tí wọ́n fi lé e. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n lé e. Ó dé ilé ìtura, wọ́n lé e. Ní gbogbo ibi tí ó dé, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: ìwé tí ó fún un láyè láti wà nínú ìlú, ìwé tí ó fún un láyè láti wá iṣẹ́, ìwé tí ó fún un láyè láti sùn. Láti 1952 ni òfin ti sọ ìwé bẹ́ẹ̀ di dandan fún ènìyàn dúdú káàkiri, 1986 ni wọ́n sì tó pa á rẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá bá a, àwọn ọlọ́pàá mú un lóru níbi tí ó sùn sí lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ gan-an, nítorí ìwé. N kò ní sọ òpin ìtàn náà fún yín, nítorí mo fẹ́ kí ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n òpin náà burú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo, gúgúrú sì ń fò. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé lọ́wọ́ Zachariah, gbogbo àgbàlá náà dákẹ́. Mo bojú wo ẹ̀yìn. Àwọn tí ń kọjá lọ ti dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé àpò ọjà wọn lọ́wọ́, wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi ti na ọrùn síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní àyà, níbi àpò ẹ̀wù rẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ mẹ́rin pé ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá kọjá. Mo rò pé owó ni ó ń fi pamọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ilé ọtí kan nínú sinimá náà. Àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀ràn ayé. Ni ọmọbìnrin kan bá wọlé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àwọn ènìyàn tí wọ́n wà ní àgbàlá pàtẹ́wọ́, àwọn àgbà obìnrin sì ń bá a gbè é. Miriam Makeba ni, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kò tí ì kan káàkiri ayé.

Nígbà tí sinimá parí, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Ìyá àgbà kan dìde pẹ̀lú kúbùsù ní èjìká. Èdè Zulu ni ó fi sọ̀rọ̀, olùkọ́ wa sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí etí wa. Ó ní ní Sophiatown ni wọ́n bí òun, ní àdúgbò tí a rí nínú sinimá náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ní 1955 pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn lọ sí Meadowlands. Wọ́n wó ilé wọn, wọ́n fi òyìnbó síbẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Triomf. Ọdún 2006 ni orúkọ àtijọ́ tó padà. Ó ní sinimá yìí nìkan ni ó kù tí òun ti lè rí òpópónà ilé bàbá òun.

Ó tún ní, "Ẹ gbọ́ bí Miriam ṣe ń kọrin. Nítorí sinimá yìí ni ó ṣe lọ sí Venice ní 1959. Ní 1960, ìyá rẹ̀ kú. Ó fẹ́ wá sin ín, ìjọba sì fagi lé ìwé ìrìnnà rẹ̀. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì lè wá da yẹ̀pẹ̀ sí ojú oórì ìyá rẹ̀. Ọdún 1990 ni ó tó padà wálé."

Bí olùkọ́ náà ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí tán, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ojú pamọ́ sínú ọwọ́ méjèèjì. Láti kékeré, n kò rí i kí ó sunkún rí. Ìyàwó olùkọ́ náà fa kúbùsù rẹ̀ bò ó léjìká, kò sì bi í ní ohunkóhun.

A dúró títí àwọn ènìyàn fi ń tú ká. Ẹ̀gbọ́n mi wá yọ ìwé kan láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Rọ́bà ni ó fi wé e kí òógùn má bà á jẹ́. Ó ní, "Àkànní, èyí ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ìwé onígbà díẹ̀ ni. Òun ni mo fi ń gbé ìlú yìí, mo sì ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Ẹni tí ó di irú ìwé yìí mú, bí ó bá ti jáde, kò ní àyè láti wọlé mọ́. Nígbà tí bàbá kú, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo di ẹrù. Mo dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi gbéra."

Mo bi í léèrè, "Kí ló dé tí ẹ kò fi wọ̀ ọ́, Bọ̀dá mi?"

Ó ní, "Mo ń ronú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa. Mo ń ronú owó ilé-ìwé rẹ. Ọdún yẹn ni o fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilẹ̀ kò lanu kí n wọ̀ ọ́ lọ. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún wa. Ó ní bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ ìwé, òun yóò sọ ti àga kan àti dígí kan pẹ̀lú, bàbá sì ti fi ilé-iṣẹ́ ńlá náà yangàn títí ó fi kú. Òun kò fẹ́ kí irọ́ òun tú lórí òkú rẹ̀.

Nígbà tí a dé yàrá, mo ṣí àpò mi, mo gbé aṣọ náà fún un. N kò sọ ohun tí ìyá wí nípa gbígbé e padà. Ó wọ̀ ọ́ lé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lórí. Ó ti fún un díẹ̀ ní èjìká, nítorí ìwọ̀n àtijọ́ ni wọ́n fi rán an. Nígbà náà ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sinimá ìjọba àti àwọn tí ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó ti gbọ́ ọ rí, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. A jọ rẹ́rìn-ín, a sì sọ̀rọ̀ bàbá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó wo inú àpò mi, kò rí aṣọ náà. Ó jókòó, ó sì dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àlàó ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

Èmi tí mo lọ ṣe adájọ́ ni a dá lẹ́jọ́, ẹ̀bi mi sì ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Benin wá. Mo ní kí gbogbo ọmọ mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Kò mú un wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lé e sílé, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìgbọràn ni. N kò bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹrin kò wá mọ́, n kò sì mọ ibi tí ó wà lónìí. Ní àgbàlá Windybrow, nígbà tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ Zachariah, ojú ọmọ náà ni mo rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀ràn ìlú kan ṣoṣo ni mò ń sọ. Bàbá bàbá mi ṣòwò ní Tamale. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba ilẹ̀ Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, bàbá àgbà sì padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù orí kan. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa fún àwọn ará Ghana àti àwọn àlejò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ Ghana tí a jọ ń jẹun ní tábìlì kan ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ẹ kì í sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín ní ìdí tèmi.

Láìpẹ́, a ó tú ká lọ sí ilé-ìwé káàkiri, wọn yóò sì fi ìwé orúkọ lé wa lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan a ó máa pe orúkọ, a ó sì máa fàlà pupa sí iwájú ẹni tí kò wá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fa ìlà náà, ẹ béèrè ohun tí kò jẹ́ kí ó wá. Bí mo bá tún padà sí Johannesburg, n ó lọ sí Windybrow, n ó sì wo sinimá yòówù tí wọ́n bá ń fi hàn níbẹ̀. Ní báyìí ná, mo ti kọ ìwé sí ilé-ìwé tí mo ti fi iṣẹ́ dánra wò, mo ní kí wọ́n bá mi wá ọmọbìnrin náà. Mo ń retí èsì.